Ìlù Ń Pẹ́ Dé Etí: Ṣé Thunderbolt Ló Kù Ká Rà?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin nínú wọn jọ ara wọn, torí kíní kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè, ìyẹn ẹ̀rọ tá a fi ń gba ohùn wọ inú kọ̀ǹpútà. Interface ni wọ́n máa ń kọ sára páálí ẹ̀, àmọ́ àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí l'Ékòó, sound card la máa ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe máa pè é níbí. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni màá pẹ́ lórí ẹ̀ jù, torí ọ̀rọ̀ tó wà nínú ẹ̀ ti jẹ owó ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìmọ̀ràn. Mo ní sítúdíò kékeré kan ní Ṣómólú, yàrá méjì péré ni, àwọn olórin fújì àtàwọn olórin ṣọ́ọ̀ṣì ló ń wá sọ́dọ̀ mi jù. Sound card oníhò méjì ni mo ń lò, USB ni. Lóṣù tó kọjá, onígángan kan wá, ọmọ Àyàn gidi ni, kò tíì lù ú ju ìṣẹ́jú kan lọ tó fi bọ́ hẹ́dífóònù sílẹ̀, ó ní òun ò lè ṣe é, pé ìlù tóun ń lù ń tẹ̀lé òun lẹ́yìn bí ẹni tó ń sín òun jẹ. Ojú tì mí gan. Mo lọ sí Computer Village n'Íkẹjà, ẹni tó ń tajà ní USB ti di ayé àtijọ́, ó ní Thunderbolt, oríṣi wáyà míì tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, ni kí n rà, pé ó fi ìlọ́po ọgọ́rin yára ju èyí tó wà lọ́wọ́ mi lọ. Owó ẹ̀ pọ̀ débi pé màá ní láti ta jẹnẹrétọ̀ mi kún un. Windows ni laptọ́ọ̀pù mi, mo ti ń lò ó bí ọdún mẹ́rin. Mo sì fẹ́ lè máa gba ìlù mẹ́fà, méje sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n rà á?
Àbúrò yín, Ṣómólú

Àbúrò mi, má ta jẹnẹrétọ̀ ẹ o. Má tíì ta nǹkan kan. Ní suuru ká jọ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa.

Ohun tí onílù yẹn gbọ́, òótọ́ ló gbọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún ẹ pé ṣe ló ń ṣe àṣejù, má dá a lóhùn, etí ọmọ Àyàn kì í ṣe etí lásán, wọ́n ti fi ìlù dá a lẹ́kọ̀ọ́ kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí: tó bá fi kọ̀ǹgọ́ kan awọ, ohùn á wọ máíkì, á wọ sound card, ibẹ̀ ni wọ́n á ti sọ ọ́ di nọ́ńbà, nọ́ńbà yẹn á gba inú wáyà wọ kọ̀ǹpútà, sọ́fítíwíà á gbà á, á pò ó mọ́ beat, á tún tì í padà gba inú wáyà kan náà, sound card á tún sọ nọ́ńbà di ohùn, ìgbà yẹn ló tó dé hẹ́dífóònù. Gbogbo àlọ àtàbọ̀ yẹn ló ń gba àkókò, òun là ń pè ní latency.

Ibo wá ni àkókò yẹn ń lọ? Ibí yìí ni ẹni tó ń tajà yẹn ti ṣì ẹ́ lọ́nà. Ó ní inú wáyà ni. Kì í ṣe inú wáyà rárá.

Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo, tá a bá gbà á ní 24-bit àti 48 kHz, ìgbà 48,000 là ń wọn ohùn yẹn ní sẹ́kọ́ńdì kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ bit 24. Ìyẹn já sí bit 1,152,000, ká kàn pè é ní mílíọ̀nù kan àti díẹ̀. Ìlù mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà á jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́sàn-án àti díẹ̀. USB 2.0 tí wọ́n ti gbé jáde láti ọdún 2000, mílíọ̀nù 480 ni wọ́n ṣe é láti máa gbé ní sẹ́kọ́ńdì kan. Kódà kó o máa gba ohùn 16 wọlé kó o tún máa dá 16 padà, mílíọ̀nù 37 ni gbogbo ẹ̀, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí wáyà yẹn lè gbé. Thunderbolt 3 tó jáde ní 2015, bílíọ̀nù 40 ni tiẹ̀, òótọ́ lẹni yẹn sọ, ó fẹ̀ ju USB 2.0 lọ ní ìlọ́po ọgọ́rin. Ṣùgbọ́n tó bá ṣe ọkọ̀ mẹ́ta péré ló wà lórí Third Mainland Bridge láago méjì òru, tí wọ́n wá fẹ afárá yẹn sí i, ṣé ìyẹn á mú ẹ tètè dé Adéníji? Ọ̀nà tó fẹ̀ kọ́ ni ọkọ̀ tó yá.

Gáréèjì ni àkókò ẹ ń lọ. Wo danfo tó ń kó èrò ní Òṣòdì. Ọkọ̀ ò ní gbéra àfi tó bá kún. Ìwọ tó o kọ́kọ́ wọlé, o lè jókòó síbẹ̀ títí ọṣẹ tó o fi wẹ̀ á fi gbẹ lára ẹ, kì í ṣe pé ọ̀nà ò dáa o, kọ́ńdọ́ ló ń dúró de èrò. Buffer nìyẹn gan-an. Kọ̀ǹpútà kì í gba nọ́ńbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á dúró kí ọkọ̀ kún kó tó gbé e. Tó o bá fi buffer sí 1024, ọkọ̀ elérò 1024 lo gbé sí gáréèjì yẹn. Ní 44.1 kHz, kí ọkọ̀ yẹn tó kún, mìlísẹ́kọ́ńdì 23 ti lọ, ìyẹn tá a bá pín sẹ́kọ́ńdì kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, ọ̀nà 23 nínú ẹ̀. Àlọ nìyẹn. Ó tún máa kún kó tó bọ̀, ó ti di 46, a ò tíì ka èyí tí sound card fúnra ẹ̀ ń jẹ.

O lè ní kí ni mìlísẹ́kọ́ńdì 46 jẹ́. Ohùn ń rìn nǹkan bíi mítà 343 nínú afẹ́fẹ́ ní sẹ́kọ́ńdì kan, torí náà mìlísẹ́kọ́ńdì mẹ́ta jẹ́ bíi mítà kan. 46 á wá jẹ́ bíi mítà 16. Ṣe ló dà bíi pé o gbé gángan yẹn sí òdì kejì títì, tó o wá ní kí ọmọ Àyàn dúró lódì ibí kó máa lù ú. Ta ló fẹ́ lu irú ìlù bẹ́ẹ̀? Tó o bá wá sọ buffer yẹn kalẹ̀ sí 128, ó di 2.9 lálọ, 2.9 lábọ̀, tá a bá ti ṣe ti sound card mọ́ ọn, ká ní ó jẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ìyẹn jẹ́ bíi mítà mẹ́ta, ibi tí onílù máa ń dúró sí lẹ́yìn ọ̀gá ẹ̀ lórí pèpéle náà nìyẹn. Á lù ú, kò ní bínú.

O lè wá ní kí ló dé tá ò kúkú gbé e wá sí 32 ká sinmi. Torí pé bí ọkọ̀ bá ṣe ń kéré sí i ni ìrìn á máa pọ̀ sí i. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó ń gbé èrò mẹ́rin mẹ́rin, ó ń tètè gbéra lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sinmi, lọ kó bọ̀ ni ṣáá, ìgbà tí kò bá ráyè dé lásìkò báyìí, èrò á dúró sójú títì. Nínú ohùn, ohun tí wàá gbọ́ nígbà yẹn ni tá, tá, tà-tà, bí ìgbà tí omi bá ta sínú epo gbígbóná. Kọ̀ǹpútà tó rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹni tó ń wa ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní driver, sọ́fítíwíà kékeré tí ilé iṣẹ́ tó ṣe sound card kọ kí Windows lè bá a sọ̀rọ̀. Ibí gan-an ló yẹ kí owó ẹ lọ. Ní 1997, ilé iṣẹ́ Steinberg ní Jámánì gbé ọ̀nà kan jáde tó ń jẹ́ ASIO, kí sọ́fítíwíà orin lè bá sound card sọ̀rọ̀ tààrà láì gba ọwọ́ àwọn alágbàtà tó wà nínú Windows. Ọ̀pọ̀ jù lọ sound card gidi ló ní ASIO tiẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n kọ sí ò dọ́gba. Àwọn RME, ará Jámánì làwọn náà, wọ́n gbajúmọ̀ láàárín àwa oníṣẹ́ torí bí wọ́n ṣe ń fara balẹ̀ kọ driver wọn, tó o bá sì wo Babyface Pro wọn, USB 2.0 ló ń lò! Kò sì sẹ́ni tó ń sọ pé ó ń lọ́ra. Ìyẹn nìkan ti tó láti fi dá ẹni tó ń tajà yẹn lóhùn. Tó bá ṣe Mac lò ń lò, Core Audio, ọ̀nà tiwọn, ti wà nínú ẹ̀, wàhálà driver ò pọ̀ tó báyìí.

Mo mọ̀ pé mò ń sọ̀rọ̀ bíi pé inú ń bí mi, òótọ́ ni, ó ń bí mi, torí mo ti jìyà ẹ̀ rí. Ní Múṣín tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan tó ń tajà bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, mo gba èésú mi ṣáájú àsìkò, mo rà á, mo délé, ohùn tún ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn bíi ti tẹ́lẹ̀, torí buffer wà níbi tó wà látijọ́, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Mi ò fẹ́ kó ṣe ìwọ náà.

Nítorí náà, lọ́sẹ̀ yìí, kó o tó ná kọ́bọ̀, ṣí sọ́fítíwíà ẹ, lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan ohùn, wo orúkọ tó wà níbẹ̀. Tó bá ṣe FL Studio lò ń lò bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ FL Studio ASIO lo fi sílẹ̀ síbẹ̀, tàbí ASIO4ALL, èyí tó jẹ́ aṣojú lásán, kì í ṣe driver sound card ẹ gan-an. Lọ sórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe tìẹ, wa driver wọn jáde níbẹ̀, kó o sì yan ASIO tó ń jẹ́ orúkọ wọn. Lẹ́yìn náà gbé buffer wá sí 128 nígbà tó o bá ń gba ohùn sílẹ̀, tó o bá ti gbà á tán tó o wá ń mix, dá a padà sí 1024 kí kọ̀ǹpútà lè mí. Ki wáyà bọ inú laptọ́ọ̀pù fúnra ẹ̀, má kì í bọ hub tó ń sọ ihò kan di púpọ̀. Pa Wi-Fi. Ní Windows, yan High performance níbi iná, má jẹ́ kó máa ṣọ́ bátìrì jẹ.

Èyí tí mo ń bọ̀ wá sọ yìí ló ń mú àwọn ọmọ wa jù, wọn ò sì mọ̀: beat tó o gbé kalẹ̀ kí olórin wá kọrin sí, ṣé limiter, ìyẹn sọ́fítíwíà kékeré tí kì í jẹ́ kí ohùn kọjá ààlà, ò sí lórí master ẹ̀, níbi tí gbogbo ohùn ti ń pàdé? Àwọn limiter kan máa ń wo iwájú kí wọ́n tó ṣiṣẹ́, wíwo iwájú yẹn, dídá ohùn dúró ni. O lè gbé buffer wá sí 64, kí ohùn ṣì máa pẹ́, plugin kan ṣoṣo, irú sọ́fítíwíà kékeré bẹ́ẹ̀, ló ń dá gbogbo ẹ̀ dúró. Pa gbogbo nǹkan orí master tó o bá ń gba ohùn sílẹ̀. Tán.

Tí kò bá tún tó, wo ara sound card ẹ, ọ̀pọ̀ wọn ló ní bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ Direct Monitor sí. Tó o bá tẹ̀ ẹ́, ohùn á ti máíkì bọ́ sí hẹ́dífóònù tààrà láì yà ní kọ̀ǹpútà, onílù á gbọ́ ara ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó o kàn gbọ́dọ̀ ṣe ni kó o pa ohùn track yẹn nínú sọ́fítíwíà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa gbọ́ ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bó ṣe rí láyé téèpù nìyẹn, ohùn á gba inú mixer bọ́ sétí tààrà, àwọn bàbá wa ò mọ latency. Nígbà tí Paul McCartney, olórin Beatles tẹ́lẹ̀ rí, wá láti ìlú Òyìnbó wá gbohùn sílẹ̀ ní sítúdíò EMI tó wà ní Wharf Road, Àpápá, ní 1973, ẹ̀rọ onítírákì mẹ́jọ ló bá níbẹ̀, iṣẹ́ sì jáde nínú ẹ̀.

Mẹ́jọ yẹn ló mú mi dé ohun tó o nílò gan-an. Kì í ṣe ìyára ló sọnù lọ́wọ́ ẹ, ihò ni. Ìlù méje ò lè wọ ihò méjì, bó ṣe wù kí wáyà yára tó. Gángan, omele, sákárà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, olórin, ẹlẹ́gbè, o ti ń lọ sí mẹ́jọ nìyẹn. Wá sound card tó ní ihò máíkì mẹ́jọ. Behringer UMC1820 wà, Focusrite Scarlett 18i20 wà, USB 2.0 làwọn méjèèjì ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, owó wọn sì jìnnà sí èyí tí wọ́n ní kó o wá san. Ṣùgbọ́n là á lójú dáadáa: 18 tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe máíkì 18! Mẹ́jọ ni ihò máíkì, mẹ́jọ míì jẹ́ ti ADAT, ìyẹn wáyà kan tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn, méjì tó kù jẹ́ S/PDIF, òun náà kì í ṣe ti máíkì. Mo ti rí ẹni tó gba iṣẹ́ máíkì méjìlá torí nọ́ńbà tó rí lára páálí, ọjọ́ tí àwọn èèyàn dé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Àmọ́ ihò ADAT yẹn dáa fún ọjọ́ iwájú, tí iṣẹ́ bá pọ̀ sí i, ra ẹ̀rọ tó máa fi máíkì mẹ́jọ kún un, bíi Behringer ADA8200, so wọ́n pọ̀, ó di 16. Ní 48 kHz nìyẹn o. Tó bá ṣe 96 ni, mẹ́rin péré ni ADAT kan á gbé.

Mi ò sọ pé Thunderbolt ò dáa. Apollo ti Universal Audio, àwọn ará Amẹ́ríkà, ní ẹ̀rọ ìṣirò nínú ara ẹ̀, ó lè fi reverb àti compressor sí olórin létí láì yọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu, olówó tó ń fi ojoojúmọ́ gba ohùn á gbádùn ẹ̀. Ẹni tó bá sì ń gba ohùn ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà náà mọ ohun tó ń wá. Ṣùgbọ́n ìwọ, ṣé laptọ́ọ̀pù ẹ tiẹ̀ ní ihò Thunderbolt? Ihò kékeré roboto tí wọ́n ń pè ní USB-C yẹn, bí ihò ṣe rí lorúkọ yẹn ń sọ, kì í ṣe bó ṣe yára sí. Wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bóyá wọ́n ya àmì mànàmáná síbẹ̀, kó o tún béèrè nọ́ńbà laptọ́ọ̀pù yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí kò bá ní in, wàá gbé ẹrù olówó iyebíye délé, kò ní bá laptọ́ọ̀pù ẹ ṣiṣẹ́.

Ra oníhò mẹ́jọ, pe onílù yẹn padà, bẹ̀ ẹ́, kó o fi 128 sí i létí. Kó o kọ̀wé sí mi padà tó bá lù ú tán.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Èmi ni mò ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Agége. A fẹ́ máa gba ìsìn sílẹ̀, onílù, gìtá, akọrin, gbogbo ẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n lè tún un ṣe lẹ́yìn náà. Behringer X32 ni mixer tá a ní. Ọ̀dọ́ kan ní ká ra interface tó yára jù, tó lè gba 192 kHz, pé ohùn á mọ́ kedere. Kí lẹ rí sí i?
Bàbá akọrin, Agége

Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ̀mí yín á gùn. Ẹ ti ní interface nílé, ẹ ò kàn mọ̀ ni. X32 ní káàdì kan lẹ́yìn ẹ̀ tó ní ihò USB, ohùn 32 ló lè gbé wọ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ní kí àwọn ọ̀dọ́ ki wáyà bọ̀ ọ́, kí wọ́n fi driver rẹ̀ sí laptọ́ọ̀pù, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ ò ná ju owó wáyà lọ.

Ti 192 yẹn, bàbá mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dà yín láàmú. Etí ọmọ èèyàn tó dáa jù, kì í gbọ́ kọjá 20,000 ìgbì ní sẹ́kọ́ńdì, tiwa tá a ti dàgbà kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. 48 kHz ń mú ohùn tó dé 24,000, ó ti kọjá etí. X32 náà kò gba ohun tó ju 48 lọ. Ohùn 32 ní 48 kHz, wákàtí kan á jẹ tó gígábáìtì 16 àti díẹ̀ nínú disk, ẹ fojú inú wo ohun tí 192 á jẹ, ìlọ́po mẹ́rin ni, ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo lè kún disk yín. Ẹ fi owó yẹn ra disk SSD tó tóbi.

Èyí tó wá yàtọ̀ sí ti àbúrò wa ní Ṣómólú ni pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohùn láti inú kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ tiyín, inú mixer ni gbogbo wọn ti ń gbọ́. Latency ò kàn yín rárá. Ẹ gbé buffer lọ sí 1024, kódà 2048, kí laptọ́ọ̀pù má baà kọsẹ̀ láàárín ìwàásù. Ìyára kọ́ lẹ ń wá, àìdákú lẹ ń wá. Ẹ sì jẹ́ kí laptọ́ọ̀pù yẹn ní bátìrì tó dáa, kí mixer wà lórí UPS, torí tí iná bá lọ láàárín ìyìn, X32 á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tan padà, ibi tó dùn jù á sì ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìpolówó ọjà ni mò ń kà fún rédíò, ilé ni mo ti ń gbà á sílẹ̀ n'Ísàlẹ̀ Èkó. Ohùn kan wà tó ń ṣe hùùùù lẹ́yìn ohùn mi, wọ́n ní sound card mi ni kò lágbára, pé kí n ra oníhò mẹ́jọ. Hẹ́dífóònù Bluetooth ni mo ń lò, òun náà ń pẹ́ kó tó fọhùn.
Àǹtí akàpolówó, Ìsàlẹ̀ Èkó

Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹnu kan lẹ ní, kí lẹ fẹ́ fi ihò mẹ́jọ ṣe? Oníhò kan tàbí méjì ti tó yín títí ayé. Hùùùù yẹn, iná ni. Iná wa ní Nàìjíríà 50 Hz ni, ohùn tó nípọn báyẹn nísàlẹ̀ ló máa ń gbà wọlé. Ẹ yọ ṣájà laptọ́ọ̀pù kúrò, kí laptọ́ọ̀pù máa fi bátìrì ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ tún gbọ́ ọ. Tí hùùùù bá dákẹ́, sound card yín ò mọ nǹkan kan, ṣájà tàbí earth ilé ló ń fà á, ẹ pe oníná tó mọṣẹ́ kó wo earth yẹn, kẹ́ ẹ sì ki gbogbo ẹ̀rọ yín bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Tó bá ṣe inverter lẹ wà lórí ẹ̀, ẹ béèrè bóyá pure sine wave ni, àwọn tí owó wọn kéré yẹn máa ń dún lára máíkì bí eṣinṣin tó kó sínú agolo. Kí wáyà máíkì jẹ́ XLR, oníhò mẹ́ta yẹn.

Ti Bluetooth, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ lónìí. Kì í ṣe ti iṣẹ́ yìí. Ó lè jẹ mìlísẹ́kọ́ńdì tó ju ọgọ́rùn-ún lọ kí ohùn tó dé etí yín, kò sí sound card tó lè gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀. Oníwáyà, tó bo etí pa, kí ohùn ẹ̀ má baà tún jáde wọ máíkì.

Bọ̀dá, mo rí sound card tòkunbọ̀ kan ní Alábà, FireWire ni, oníhò mẹ́jọ, ara ẹ̀ mọ́, owó ẹ̀ ò pọ̀. Ṣé kí n gbé e?
Ọmọ beat, Òkòkòmaikò

Ohùn ẹ̀ lè dára gan o, ọ̀pọ̀ àwọn FireWire àtijọ́ yẹn, iṣẹ́ gidi ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n laptọ́ọ̀pù òde òní ò ní ihò FireWire mọ́, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ò sì kọ driver wọn fún Windows tuntun mọ́. Tó o bá ti ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ní ihò yẹn nílé, gbé e dání lọ sí Alábà, pẹ̀lú máíkì kan àti hẹ́dífóònù, ní kí wọ́n tan án níṣojú ẹ, kó o ki máíkì bọ ihò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó o tẹ 48V wò bóyá máíkì condenser ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Tó bá ṣiṣẹ́, rà á, kó o ya kọ̀ǹpútà yẹn sọ́tọ̀ fún un, má jẹ́ kó rí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe update ẹ̀. Tí o kò bá ní kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, fi í sílẹ̀ níbẹ̀.